Ẹ Bi Tíṣà: “Can” tó ba obòkun jẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ò tíì fẹ̀yìn tì lára mi. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mo máa ń gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wọlé, kí n máa tú lẹ́tà yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti oṣù yìí mú mi rẹ́rìn-ín. Bí ẹni pé ẹ jọ ṣèpàdé ni, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lé: “can”. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òyìnbó, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta lè ná èèyàn lówó. Lẹ́tà ẹni tó ná lówó ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ̀mí Tíṣà. Ọjà Olúwo ni èmi àti màámi ti ń ta ẹja. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ fún ilé àlejò kan lọ́nà Lekki máa ń ra obòkun lọ́wọ́ wa. Òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí kò gbọ́ Yorùbá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí, ó ní ṣé ẹja máa dé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Mo ní, ‘I can come before eight.’ Ó ní kò burú. Nígbà tí mo débẹ̀ ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, ó ti ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní ṣebí mo sọ pé mi ò lè wá. Obòkun kílò 10 ni mo rù padà. Yìnyín ti yọ́ tán nínú kúlà kí n tó dé Ẹ̀pẹ́. Mà, ta ló jẹ̀bi?” – Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta obòkun, nítorí náà mi ò ní sọ pé kó o má ro ó. Ṣùgbọ́n o ò jẹ̀bi, ìyá yẹn náà ò sì jẹ̀bi.

Sọ gbólóhùn méjèèjì jáde bó o ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́jà: “I can come”, “I can't come”. Lánàá, mo ní kí ọmọ ọmọ mi sọ wọ́n fún mi, mo dijú, mo ń gbọ́ ọ. “Áì káǹ kọ́ọ̀m, áì káǹ kọ́ọ̀m.” Ọ̀kan náà ni. “T” ti rì sómi. Ahọ́n wa ò fẹ́ràn kó fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Orí fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ tiwa ń jókòó sí, ìdí nìyẹn tí “bread” fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, tí “ball” di bọ́ọ̀lù. Nígbà tá a bá ń kánjú lórí fóònù, a kì í ráyè wá fáwẹ́lì fún “t”, a kàn ń jù ú dànù ni.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Àwọn tó ni èdè náà ń gbé “t” yẹn mì, àgàgà àwọn ará Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà gbọ́ra wọn lódì. Ibi tí wọ́n bá tẹ ohùn mọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lè wá, wọ́n á fo “can” kọjá bí ẹni fo ẹrẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi “kin”, “come” ni wọ́n á wá tẹ̀ mọ́lẹ̀: áì-kin-KỌ́Ọ̀M. Bí wọn ò bá lè wá, “can't” yẹn gan-an ni wọ́n á tẹ̀ mọ́lẹ̀, ará Ìlú Ọba á tiẹ̀ tún fà á gùn: áì KÁÀN kọ́ọ̀m. Ìwọ, nítorí pé o fẹ́ kó dá oníbàárà rẹ lójú, o tẹ “can” mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Bó o ṣe ń fi í lọ́kàn balẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ pé o ò ní wá.

Wo bí tiwa ṣe rọrùn tó. “Mo lè wá.” “Mi ò lè wá.” Kí ẹnu tó dé orí “lè”, etí ti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òyìnbó fi ìdájọ́ sí ìdí “can”, ó wá fi lẹ́tà kan tó ń yọ̀ bíi àrọ̀ so ó.

Láti òní lọ, bó o bá lè lọ, má sọ “can” rárá: “Yes, I'm coming. Before eight.” Bó o ò bá lè lọ, sọ “cannot” ní kíkún, kó o sì jẹ́ kí “not” dún. Bó o bá ń kọ ọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni “cannot”, má pín in sí méjì. Kó o sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀lé e, torí ojú kì í ṣi “t” gbọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Awakọ̀ kórópe ni mí ní Ìkòròdú, láàárín Sábó àti Agric. Mo ń lọ sí kíláàsì àgbà lálẹ́ kí Òyìnbó mi lè já gaara. Wọ́n kọ́ wa pé ‘can’ ni ‘lè’, ó parí. Lọ́jọ́ tí mo sọ pé ‘I know drive’, kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ‘can’ síbi gbogbo tí ‘lè’ bá wà. Mo kọ ‘It can rain this evening’, tíṣà fa ìlà pupa sí i. Ọmọ ọdún 52 ni mí, mo sì ti ní ọmọ tó wà ní yunifásítì. Ẹ gbà mí.” – Awakọ̀, Ìkòròdú

Àbúrò mi, ẹ má dá àwọn tó rẹ́rìn-ín lóhùn. Ohun tí ẹ sọ, àwọn baba ńlá Òyìnbó á ti gbọ́ ọ yé.

Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, “can” ò túmọ̀ sí “lè”. “Mọ̀” ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ní òun “can” iṣẹ́ kan, ó ń sọ pé iṣẹ́ náà yé òun ni. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Òyìnbó tan, ṣì ní ìbejì náà lẹ́nu: “kennen” ni kéèyàn mọ nǹkan, “können” ni kéèyàn lè ṣe é. Ẹ lọ sí Scotland lónìí, ẹ máa gbọ́ “I ken”: mo mọ̀ ọ́n. “Uncouth” tí wọ́n fi ń bú ẹni tí kò mọ ìwà hù, agboolé “can” lòun náà ti jáde, “ohun tí a kò mọ̀ rí” ló jẹ́ látilẹ̀. Ta wá ń jẹ́ “lè” nígbà náà? “May” ni. Òun ló ni agbára, ìdí nìyẹn tí “might” ṣì fi ń jẹ́ agbára lẹ́nu wọn títí dòní. Díẹ̀díẹ̀ ni “can” gba iṣẹ́ “may” mọ́ tirẹ̀, ó wá di pé ẹnu kan náà ni Òyìnbó fi ń sọ “mọ̀” àti “lè”. Yorùbá ò da àwọn méjèèjì pọ̀ o. A ní kí ó mọ̀ ọ́n ṣe, a tún ní kí ó lè ṣe é, a sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Apẹja ni bàbá mi, orí ọ̀sà yìí ló ti jẹun dọ́jọ́ ogbó. Ó mọ ọkọ̀ tù, ó mọ àwọ̀n jù, ó mọ ibi tí epìyà ń sá sí bí òjò bá pọ̀. Nígbà tí ìgbésí ayé rẹ̀ ku ọdún kan, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kú tì í. Bá a bá gbé e lọ sétí omi, á ní ká gbé àjẹ̀ fún òun, á fi ọwọ́ òsì dì í mú níbi tó yẹ kí wọ́n ti dì í mú gẹ́lẹ́, á wá máa wo omi. Bí àlejò bá béèrè bóyá bàbá ṣì ń lọ sódò, màámi á ní, “Ó mọ ọkọ̀ tù o. Kò lè tù ú ni.” Ẹ fi “can” sọ ìyẹn kí n gbọ́. “He can paddle but he can't paddle.” Ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ ń yí. Òyìnbó ní láti sáré lọ yá “know” kó tó rí i sọ: “He knows how to paddle, but he can't any more.”

Ohun tí ẹ gbàgbé nínú gbólóhùn tiyín kò ju “how to” náà lọ. “I know how to drive” dára, “I can drive” náà dára. “I know drive” ni wọn ò gbà mọ́.

Ó ku ti òjò. Níbi yẹn, tíṣà yín jàre, ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ ìdí rẹ̀ kí ó tó fa ìlà pupa. Bí a bá wo ojú ọ̀run lónìí, tá a ní “òjò lè rọ̀ nírọ̀lẹ́”, ìfura ni. Ìfura ọjọ́ kan ṣoṣo báyìí, Òyìnbó kì í fi “can” sọ ọ́. “May” ni, tàbí “might”, tàbí “could”. “Can” wà fún bí nǹkan ṣe máa ń rí, fún ìwà tí a ti mọ̀ mọ́ ọn. “The lagoon can be rough in August”: ìwà ọ̀sà nìyẹn, gbogbo apẹja ló mọ̀ ọ́n. “The lagoon may be rough today”: ẹ wo ìkùukùu kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di “kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀”, ó tún bọ́ sọ́wọ́ “can” padà. “Kò lè jẹ́ òun ni mo rí ní Sábó, ó ti lọ sí Ìbàdàn”: “It can't be him.” Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí. Ẹ kàn há a sórí bí ẹ ṣe há orúkọ ibùdókọ̀ sórí.

Ọ̀kan ṣì kù tí ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín mú kí n rántí rẹ̀. “Can” kan wà tí kò ní “lè” nínú rárá. Bí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí ẹ gbọ́, “Mi ò gbọ́ yín o” lẹ ó sọ. Lédè Òyìnbó, “I can't hear you” ni. Bí ọlọ́kadà bá já lu iwájú yín, tí ẹ yọrí, tí ẹ ní “Ṣé o ò rí mi ni?”, “Can't you see me?” ni. Ohun tí ojú ń rí, ohun tí etí ń gbọ́, òórùn tí imú ń gbọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń fi “can” sí nídìí. Bí Yorùbá bá ní “mo lè rí ọ”, a ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú rẹ̀ ní ọsibítù ni.

“Mà, ọmọ mi ọmọ ọdún méje ní kíláàsì pé ‘Can I go to the toilet?’ Tíṣà rẹ̀ dáhùn pé ‘I don't know. Can you?’ Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi kì í béèrè mọ́. Ó ń mú un mọ́ra títí dilé ni. Kí ló burú nínú ohun tó sọ?” – Ìyá Ọmọ, Àgbádárìgì

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ lọ sọ fún tíṣà náà pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Èmi náà ti dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí iṣẹ́, tí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi ń gùn mí bí ọ̀pá àṣẹ. Ọmọkùnrin kan ní “Can I”, mo ní kó tún un sọ. Ó tún ní “Can I”. Mo ní kó dúró síbẹ̀ títí tó fi máa rántí. Kò rántí. Ilẹ̀ kíláàsì ló gba ìdáhùn. Ọmọ náà ti di bàbá ọmọ báyìí, a sì ń pàdé ní èbúté. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, èmi ni mi ò lè wo ojú rẹ̀ tán.

Òfin tí wọ́n fi kọ́ àwa tíṣà ni pé “can” ni ti agbára, “may” ni ti ìyọ̀ǹda. Ẹ ti rí i lókè pé òfin náà ò tiẹ̀ bá ìtàn mu, torí “may” gan-an ló ni agbára tẹ́lẹ̀. Lónìí, “Can I?” ni Òyìnbó fi ń tọrọ àyè nílé, ní ṣọ́ọ̀bù, nínú bọ́ọ̀sì. “May I?” wà fún ibi tí èèyàn ti ń de táì. Kí ọmọ mọ méjèèjì dára. Kí wọ́n fi ìtọ̀ kọ́ ọ kò dára. Àgbádárìgì ni àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní 1843. Ó yẹ kí tíṣà ti mọ ìyẹn títí di àsìkò yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní èyí tó níyì jù, ẹ kọ́ ọ ní “could”. “Could I go, please?” Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé Òyìnbó ò ní “ẹ”. “You” ni wọ́n ń pe ọba, “you” ni wọ́n ń pe ajá. Wọn kì í kúnlẹ̀, wọn kì í sọ pé “ẹ bá mi”. Kí ni wọ́n wá fi ń bọ̀wọ̀ fúnni? Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n á tì í sẹ́yìn sí àná. “Can you help me?” dúró síwájú yín. “Could you help me?” ti sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹríba. “Could” ni ìkúnlẹ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yí “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e” sí Òyìnbó, ẹ má lọ máa wá “ẹ” kiri, “could” ni kí ẹ mú.

“Ẹ káàsán mà. Kí ni ‘l’ ń ṣe nínú ‘could’ nígbà tí a kì í pè é? Ṣé mo sì lè kọ ‘Yesterday I could pass my test’?” – Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ẹ̀pẹ́

“L” yẹn, mo-gbọ́-mo-yà ni. “Would” ní “l” torí inú “will” ló ti wá, “should” ní tirẹ̀ torí “shall” ló bí i. “Could” ò ní “l” kankan nílé bàbá rẹ̀, “coude” ni wọ́n ń kọ ọ́. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn akọ̀wé wò ó pé ó bá àwọn méjì yẹn jọ rìn, wọ́n bá fi “l” wọ̀ ọ́ láṣọ ẹbí. Lónìí, ẹnìkan ò pè é.

Ìbéèrè kejì: rárá. “Could” wà fún ohun tó o máa ń lè ṣe láyé àtijọ́: “When I was six, I could swim.” Ohun tó o ṣe yọrí lẹ́ẹ̀kan, “was able to” tàbí “managed to” ni: “Yesterday I managed to pass my test.” Bó o bá fìdí rẹmi, “I couldn't pass” tọ̀nà, kò sí ìjà. Mo gbàdúrà pé o ò ní nílò èyí.

“Tíṣà, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì tuntun ò mọ ohun tí mo ń sọ lọ́jọ́ tí mo ní ‘I can't come and kill myself’. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Ṣé Òyìnbó kọ́ nìyẹn ni?” – Arábìnrin Àgbà, Ìkòròdú

Ó kú dẹ̀ẹ̀dẹ̀ kí wọ́n pe dókítà fún yín! Yorùbá tó wọ kóòtù ni gbólóhùn yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidi. “Mi ò lè wá pa ara mi.” “Wá” yẹn ò wá láti ibì kankan, àwa nìkan la mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀: ó ń sọ pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kí n tún wá fi ikú kún un. “Lè” náà kì í ṣe ti agbára. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun gbìyànjú láti kú tí kò ṣeé ṣe. Ẹni tó sọ ọ́ kọ̀ ni, ó ti káwọ́ lẹ́rán. Òyìnbó ò mọ “can't” tó ń kọ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá yín fi gbọ́ ọ bí ìròyìn àìsàn. Ẹ sọ fún un pé “I'm not going to kill myself over this work”, yóò yé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ inú rẹ̀ ti dínkù. Nílé, nínú mọ́tò, láàárín àwa ara wa, ẹ má fi tiyín sílẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni “You can't greet?” tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò tó bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìkí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n lẹ́nu.

Sí ẹni tó kọ̀wé láìforúkọ sílẹ̀, tó ní òun rí “I will can attend” nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ọmọ òun: ẹ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. “I will be able to attend” ni. “Can” kì í tẹ̀lé “will”, kì í tẹ̀lé “to”, kò sì sí “he cans”.

Àfi ibì kan. Ẹnìkan béèrè bóyá “can” tó ń jẹ́ agolo bá “can” yìí tan. Kò bá a tan, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ti agolo lè di ọ̀rọ̀ ìṣe, “kí wọ́n di nǹkan sínú agolo” ló túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ náà, “he cans” tọ̀nà fún un. Òyìnbó lè dúró kí ó ní “We can can fish”, kí ojú má tì í. Ọmọ Ẹlẹ́ja, ìwọ ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí: obòkun inú agolo kì í bèèrè yìnyín.